Bí Ẹ Bá Lọ Wo Kíláàsì Jẹ́lé-ó-sinmi: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, ìpolówó ilé-ìwé a máa pọ̀ sí i lára ògiri àti òpó iná láti Ojúẹlẹ́gba dé Ìdí-Orò, láti Sábó dé Àkókà ní Èkó. Ọ̀kan ní àwọn ní kọ̀ǹpútà, èkejì ní àwọn ń kọ́ ọmọ ní èdè Faransé, ẹ̀kẹta kọ Montessori gàdàgbà sára géètì. Òbí tó ń wá ilé-ìwé fún ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta á wo gbogbo rẹ̀, kò ní mọ èyí tí yóò mú. Kò sì sí bó ṣe lè fi ìpolówó mọ̀ ọ́n. Inú kíláàsì ni ẹ ó wọ̀, ẹ ó jókòó, ẹ ó sì máa wo bí àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ṣe ń ṣe sí ọmọ tí nǹkan kò lọ déédéé fún: ọmọ tó ń sunkún, ọmọ tó tọ̀ sára, ọmọ tó da oúnjẹ nù, ọmọ tó já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun yòówù tí n ó tún sọ lẹ́yìn èyí, òun ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ má ṣe lọ lọ́jọ́ tí ilé-ìwé pe àlejò. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fọ ilẹ̀, wọ́n ti ra bisikíìtì, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ọjọ́ lásán ni kí ẹ lọ, bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ tí àwọn òbí ṣì ń já ọmọ sílẹ̀, kí ẹ sì wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi jẹun ọ̀sán tán. Ìgbà tí ọmọ ń fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ìgbà oúnjẹ, ìgbà ìtọ̀ àti ìgbà oorun ni ìwà olùtọ́jú máa ń hàn, nítorí kò sí ẹni tó lè ṣe àṣehàn títí ilẹ̀ ọjọ́ kan fi ṣú. Ẹ fi ọmọ tiyín sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ojú yín lè ráyè. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ pa ohùn fóònù, ẹ má sì ya fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ.

Bí wọ́n bá ní òbí kì í wọ kíláàsì, pé inú ọ́fíìsì ni kí ẹ jókòó sí, ẹ fi sùúrù bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọn ò fẹ́ kí ojú àjèjì da ọkàn àwọn ọmọ rú lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì lè dá ọjọ́ míì fún yín. Bí ọjọ́ míì náà ò bá sí, ẹ máa bá tiyín lọ.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ ná. Kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́ta kì í pa lọ́lọ́. Bí ogún ọmọ bá jókòó sójú kan tí ẹnikẹ́ni ò mira, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Bó bá sì jẹ́ pé láti àárọ̀ ni àǹtí ti ń ké tí gbogbo wọn ń gbè é, kò sí ọmọ tó ń ronú níbẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni ọ̀rọ̀: ọmọ ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọmọ ń béèrè nǹkan, àǹtí ń fi orúkọ rẹ̀ dá a lóhùn. Ẹ ṣọ́ ọ bóyá àǹtí mọ orúkọ gbogbo wọn, tàbí “ìwọ tó o wọ súwẹ́tà” ló ń pè wọ́n. Ẹ ṣọ́ ọ bóyá ó máa ń lóṣòó kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé ojú ọmọ, àbí òkè ló ti ń jágbe mọ́ wọn. Ẹ sì wo ibi tí fóònù rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín. Nínú kíláàsì kan tí mo wọ̀ nítòsí Lawanson, ọmọkùnrin kan ń ṣí kúlà rẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìrẹsì àtọbẹ̀ sì dà sára aṣọ rẹ̀ àti sórí ẹní. Kó tó bú sẹ́kún, ó kọ́kọ́ wo ojú àǹtí. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ̀yin náà wò. Ọmọ tí wọ́n máa ń nà ì bá ti ká ọwọ́ borí. Ọmọ yìí kàn ń dúró de ohun tí wọ́n máa sọ ni. Àǹtí ní, “Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ó ti dà nù. Lọ mú àkísà wá, ká jọ nù ún.” Ọmọ náà sáré lọ mú un wá, àwọn méjèèjì lóṣòó, wọ́n nu ẹní. Nánì bọ́ aṣọ rẹ̀, ó wọ òmíràn fún un láti inú báàgì rẹ̀, wọ́n sì bu ìrẹsì ilé-ìwé fún un. Kò sẹ́ni tó pariwo, àwọn ọmọ yòókù kò sì fi ọmọ náà ṣẹ̀sín, nítorí wọn ò tíì rí i kí àgbàlagbà ibẹ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Níbòmíràn, “Olóríburúkú, o ò ríran ni?” ni ọmọ náà ì bá gbọ́, ebi ni ì bá sì fi lọ sílé.

Àǹtí lè fẹ́ fi ẹ̀rín bojú nítorí pé ẹ wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà, ojú ọmọ ni kí ẹ máa wò ju ojú àǹtí lọ. Bí àǹtí bá na ọwọ́ sókè láti mú nǹkan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí ọmọ tó wà nítòsí sì yára fi ọwọ́ bo ojú, ẹ ti rí ohun tí ẹ wá wò.

Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú, bóyá pàṣán wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n fi ẹgba tọ́ dàgbà, tí a sì máa ń sọ pé òun ló sọ wá di ènìyàn. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, fídíò kan jáde láti Ìkòròdú, nínú èyí tí olùkọ́ kan ti ń gbá ọmọ ọdún mẹ́ta létí léraléra lórí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kíkọ. Ọlọ́pàá mú olùkọ́ náà, gbogbo ayé sì bínú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà, òbí wo ló ti jókòó nínú kíláàsì bẹ́ẹ̀ fún òwúrọ̀ kan ṣoṣo? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti ọdún 2007. Ní ọdún 2016, Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé fọwọ́ sí àṣẹ kan lórí ààbò ọmọdé, tó ní kí ilé-ìwé àti ilé ìtọ́jú ọmọ ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín. Ọ̀gá ilé-ìwé tó bá mọ ibi tó wà, tó sì lè sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, ti ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá kàn rẹ́rìn-ín, tó ní “irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa,” kò tíì ronú sí i.

Ẹ fúnra yín ka orí àwọn ọmọ, ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n bá sọ lẹ́nu. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí olùtọ́jú kan má ní ju ọmọ 10 lọ ní kírẹ́ṣì, kí olùkọ́ kan má sì ní ju ọmọ 25 lọ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lójú tèmi, 25 ti pọ̀ jù fún ẹnì kan bí kò bá ní nánì tó ń ràn án lọ́wọ́, nítorí bó bá gbé ọmọ kan lọ síbi ìtọ̀, ta ni yóò máa wo mẹ́rìnlélógún tó kù? Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí gan-an.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, àwa òbí la kọ́kọ́ jẹ̀bi. Àwa là ń yẹ báàgì wò nírọ̀lẹ́, tí a ń béèrè pé, “Kí lẹ kọ lónìí?” Bí ìwé bá ṣófo, a ó ní wọ́n ń jẹ owó wa. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àǹtí a di ọwọ́ ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ mú, a fi pẹ́ńsù tọ ipa A àti B fún un títí ojú ìwé yóò fi kún. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Ní ọrùn ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì jẹ́ kérékéré, wọn ò tíì le. Ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nílò amọ̀ tí yóò máa pò, ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò máa sín, omi tí yóò máa bù láti inú ife kan sí òmíràn, bébà tí yóò máa ya. Láti ibẹ̀ ni agbára pẹ́ńsù ti ń wá. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè náà sọ ọ́ kedere pé eré ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ìpele yìí.

Nítorí náà, ẹ wo ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó ọmọ. Kò dìgbà tó bá jẹ́ nǹkan olówó iyebíye. Mo ti rí kíláàsì ní Muṣin tó jẹ́ pé ìdérí ìgò, ọmọ ayò, páálí wàrà, iyanrìn nínú ọpọ́n àti àkísà aláwọ̀ mèremère ni gbogbo ohun ìṣeré wọn, tí ọmọ ọdún mẹ́rin ibẹ̀ sì ń ka ìdérí méje, tó ń yọ méjì kúrò, tó ń sọ iye tó kù láìwo ẹnu ẹnikẹ́ni. Mo sì ti wọ ibòmíràn tí ohun ìṣeré aláràbarà láti òkè òkun kún orí kọ́bọ́ọ̀dù gíga, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á, tí kò sọ́mọ tó tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ bi ọmọ kan pé kó fi ohun tó fẹ́ràn jù níbẹ̀ hàn yín. Bó bá dìde tó lọ mú un fúnra rẹ̀, ó dára.

Ohun tó wà lára ògiri ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bí ogún àwòrán bá rí bákan náà, tí ewé gbogbo igi ní àwọ̀ kan náà, tí kò sí kréyọ́nù tó yà kọjá ìlà, àǹtí ló yà á. Àwòrán ọmọ máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ, bàbá lè ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Orúkọ Montessori tó pọ̀ lára géètì wa ńkọ́? Maria Montessori jẹ́ dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù, ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ tálákà ni. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ rẹ̀ sára ilé-ìwé láìgba àṣẹ, ẹ̀rí sì wà nínú kíláàsì nìkan. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ ó rí pẹpẹ tí kò ga ju ọmọ lọ, ohun èlò onígi tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, lẹ́tà tí wọ́n fi bébà oníyanrìn gé tí ọmọ ń fi ìka tọ. Ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́ta àti ọmọ ọdún márùn-ún nínú yàrá kan náà, kálukú ń ṣe iṣẹ́ tó yàn. Bí gbogbo ọmọ bá kọjú sí pátákó, tí wọ́n jọ ń ké ohun kan náà, orúkọ lásán ni wọ́n fi ń gba owó kún owó.

Ẹ tún fetí sí èdè, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí púpọ̀. Ní ilé-ìwé aládàáni tó pọ̀ ní Súrùlérè àti Yábàá, ẹni tó bá sọ èdè abínibí dá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọmọ ọdún méjì tó jẹ́ pé ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ nílé dé kíláàsì, ó ní, “Àǹtí, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.” Wọ́n ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Kó tó wá Gẹ̀ẹ́sì náà rí, ó ti tọ̀ sára, wọ́n sì tún bá a wí nítorí ìtọ̀ yẹn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ tó ń rojọ́ bí ẹyẹ ìbákà nílé ti di ẹni tó ń fi orí dáhùn.

Òbí ń rò pé bí Yorùbá bá dínkù, Gẹ̀ẹ́sì á pọ̀ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ti dán èyí wò. Láti ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n tètè bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì yọ, títí kan nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìjọba àpapọ̀ kò tíì dúró sójú kan lórí rẹ̀: ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 wọ́n fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò. Ohunkóhun tí Àbújá bá sọ, kò sí òfin tó ní kí wọ́n fìyà jẹ ọmọ ọdún méjì nítorí èdè ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ àdúgbò wa ló ń sọ Yorùbá nílé. Ígbò wà káàkiri, Ẹ̀gùn wà ní Mákòkó, Haúsá wà ní Muṣin. Ohun tí ẹ ó wò ni bóyá àǹtí ń gba ọ̀rọ̀ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè tó fi sọ ọ́, kó tó fún un ní ti Gẹ̀ẹ́sì. “Ìtọ̀ ń gbọ̀n ẹ? Ó ṣeun tó o sọ fún mi, jẹ́ ká lọ.” Gẹ̀ẹ́sì á tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń pa àlọ́, bóyá àwọn ọmọ ń ṣe bojúbojú.

Ẹ jáde wo ilé náà wàyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fájì ní Erékùṣù Èkó. Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lórí àjà òkè rẹ̀, ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Àwọn aláṣẹ sọ pé wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ ní wíwó. Ilé tí wọ́n kọ́ fún gbígbé ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ń lò, nítorí náà ẹ má tijú láti wo ara òpó àti abẹ́ àtẹ̀gùn bóyá ó ti là, ẹ sì wo ara ògiri ìta bóyá àmì pupa ìjọba wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí àwọn ọmọ kéékèèké wà. Bí irin bá wà lójú gbogbo fèrèsé, ẹ béèrè ọ̀nà kejì tí wọ́n lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́. Ẹ wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà: èéfín rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí ọmọ ń sùn, nítorí gáàsì tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn. Ẹ wo ẹnu kànga, ibi tí gáàsì ìdáná wà, àti gọ́tà ẹ̀yìn ilé, pàápàá lágbègbè tí omi máa ń ya wọlé lóṣù kẹfà àti oṣù keje.

Ẹ wọ ilé ìtọ̀ fúnra yín. Ṣé omi wà, ṣé ọṣẹ wà, ṣé póò wọn mọ́, ṣé ẹlòmíràn láti òde lè wọ ibẹ̀ láìsí ẹni tó rí i?

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nípa ìrọ̀lẹ́. Òbí tó ń ta ọjà ní Tejúoṣó tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lérékùṣù mọ ohun tí gosiloo lè fi ojú ẹni rí lórí afárá Third Mainland. Ilé-ìwé a ti parí ní aago méjì, ọmọ á sì wà níbẹ̀ di aago mẹ́fà. Ta ló ń dúró tì wọ́n? Ṣé àǹtí kan náà ni, tàbí máígadì? Bí ẹ bá lè padà lọ ní nǹkan bí aago márùn-ún, ẹ lọ. Ẹ sì bi wọ́n pé bí ẹ bá rán ẹlòmíràn wá mú ọmọ, kí ni wọ́n máa ṣe. “A ó pè yín, a ó wo ojú ẹni náà àti fọ́tò tí ẹ fún wa, yóò sì fọwọ́ síwèé” ni èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. “Tí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n, kò sí wàhálà” kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, nítorí àwọn tó ń ṣe ọmọ níbi náà máa ń jẹ́ ẹni tí ọmọ mọ̀.

Ìwé àṣẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Súrùlérè àti Lagos Mainland wà lábẹ́ Education District IV, Muṣin wà lábẹ́ District VI, ilé-iṣẹ́ OEQA ti Ìpínlẹ̀ Èkó ló sì ń forúkọ ilé-ìwé aládàáni sílẹ̀ tó ń yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín. Ẹ má sì gbàgbé pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ládùúgbò yín lè ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké tí kò gba owó ilé-ìwé. Ẹ lọ wo òun náà bí ẹ ṣe wo ti aládàáni, pẹ̀lú ojú kan náà. Àwọn kan nínú wọn ní olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí NCE àti pápá tó fẹ̀ tí ọmọ lè sáré, ohun tí ilé-ìwé tó wà nínú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kò lè rí.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n bá jáde. Ẹ kí àwọn ìyá àti bàbá tó ń mú ọmọ, ẹ bi wọ́n pé ó ti tó ìgbà wo tí àǹtí kíláàsì yẹn ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé àǹtí mẹ́ta ló ti kọjá láàárín ọdún kan, ẹ padà wọlé lọ béèrè iye tí wọ́n ń san fún wọn àti ìdí tí wọ́n fi ń lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé lè má fẹ́ sọ. Ẹ béèrè síbẹ̀, nítorí ẹni tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ tí yóò tún lọ ní ìparí táàmù ni ẹ fẹ́ fi í lé lọ́wọ́ yẹn.